Ẹ̀nì Kì í Wọ Òṣùwọ̀n

"Àǹtí Fìyìn, wọ́n ti dá mi padà o!"

Fìyìnfólúwa gbé fóònù kúrò létí díẹ̀. Kwaku awakọ̀ kì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù, igbe ló máa ń ké, àfi bíi pé ohùn rẹ̀ ló fẹ́ fi ti tírélà.

"Ta ló dá ọ padà? Ṣé o ò tíì kúrò ní Kùmásí ni?"

"Mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ ẹrù, lójú ọ̀nà èbúté Tẹ́mà. Wọ́n gbé wa lé òṣùwọ̀n, ó wúwo ju ohun tó wà nínú ìwé lọ. Kì í ṣe díẹ̀ o. Ó wúwo paapa, ó wúwo gan-an! Ó lé ní tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ń bi mí pé kí ni mo gbé pamọ́ sábẹ́ iṣu."

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní iṣu ni mo gbé pamọ́ sábẹ́ iṣu. Kò rẹ́rìn-ín."

Fìyìn jókòó. Páálí òfìfo ló jókòó lé, páálí náà sì tẹ̀ wọlé lábẹ́ rẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀. Nísàlẹ̀ ìwé tí Kwaku ń wí yẹn, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Òun ló fọwọ́ sí i pé iye tí ẹrù náà wọ̀n nìyẹn, kò lé, kò dín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Fìyìn jẹ́. Ọmọ Ìwó ni. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé bí èèyàn bá gbé oúnjẹ ka iwájú Fìyìn, yóò kọ́kọ́ béèrè ẹni tó sè é, igi tó fi dáná, àti ìdí tí iyọ̀ rẹ̀ kò fi tó, kó tó wá jẹun. Ìbéèrè yìí náà ló gbé e dé Kùmásí. Ó wá kàwé nípa ohun ọ̀gbìn ní yunifásítì, nígbà tó sì parí, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé, ó ní òun fẹ́ mọ bí iṣu tí wọ́n wa ní Ejura ṣe ń gun omi dé Lọ́ńdọ̀nù láìrà. Bó ṣe di òṣìṣẹ́ Àlàájì Dáúdà Bákàrè nìyẹn, ní ọgbà ìdìṣu tó wà ní Dichemso, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì. Òun ló ń wọn gbogbo páálí kí wọ́n tó dì í pa.

Àlàájì Dáúdà ní tirẹ̀, Alabar ní Kùmásí níbí ni wọ́n bí i sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá. Láti ìgbà tó ti ń ṣòwò iṣu, orúkọ ẹlòmíràn ni iṣu rẹ̀ máa ń jẹ́ lókè òkun. Àwọn oníṣòwò ńlá Tẹ́mà ló ń tà á fún, àwọn ni wọ́n ń tún un dì, tí wọ́n sì ń lẹ orúkọ tiwọn mọ́ ọn. Kọ̀nténà tí wọ́n dá padà yìí ni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dì fúnra wọn ní Kùmásí, tí wọ́n kọ BÁKÀRÈ, KÙMÁSÍ gàdàgbà sára páálí kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbà láti dán wọn wò. Madam Àánú ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ẹni tó tíì fojú kàn án rí nínú wọn. Obìnrin náà ti sọ fún Fìyìn pé bí ọkọ̀ òkun bá ṣí láìsí iṣu òun nínú rẹ̀, òun á padà sọ́dọ̀ àwọn ará Tẹ́mà, kí ẹnikẹ́ni má sì pe òun mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni èbúté máa tìlẹ̀kùn.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwọ̀n èké, wọn kì í jẹ́ kó fọwọ́ sí òmíràn mọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí Fìyìn kò rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ tó tìtorí rẹ̀ dúró sí ìlú onílùú ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Haba!" ni Àlàájì Dáúdà ké nígbà tó gbọ́. Ó ṣí fìlà, ó tún un dé. "Tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀? Ta ló ki nǹkan bọ inú iṣu mi? Wallahi, bí ẹnikẹ́ni bá lọ kó oògùn olóró..."

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì sọ ìyẹn síta. Bóyá òṣùwọ̀n tiwa ló ń parọ́."

"Báwo la ṣe máa mọ̀?"

Fìyìn wò ó látòkè délẹ̀. Èèyàn tó rí jẹ tó sì rí mu ni Àlàájì Dáúdà, agbádá kì í fi í pamọ́. "Àlàájì, ṣebí ẹ sọ pé wọ́n wọ̀n yín ní ọsibítù ní Bantama lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Kí ni ìyẹn kàn nínú ọ̀rọ̀ iṣu?"

"Ṣé ẹ rántí iye tí wọ́n ní ẹ wọ̀n?"

"Ṣé mo lè gbàgbé? Dókítà bú mi."

"Ẹ bá mi gun èyí, sà."

Àwọn obìnrin tó ń to iṣu dáwọ́ dúró. Àlàájì bọ́ sálúbàtà, ó ká aṣọ nílẹ̀, ó gun òṣùwọ̀n iṣu bí ẹni tó fẹ́ wọ odò. Fìyìn ka nọ́ńbà tó jáde.

"Ṣé ó bá ti dókítà mu, sà?"

Àlàájì sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ kò dùn. "Ó bá a mu," ó ní. "Ó sì yẹ kí n ti fọn."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ Fìyìn kò lè rẹ́rìn-ín dénú. Òṣùwọ̀n kò parọ́. Òun náà kò parọ́. Níbo wá ni ẹrù ti rí ẹrù kún ara rẹ̀? Ẹ̀rù ń bà á, kí n má parọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tún ń yún un lọ́kàn bí ìgbà tí kòkòrò bá bà lé ni lẹ́yìn ọrùn. Ó fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ká tiẹ̀ ní wọ́n máa lé e níṣẹ́ lọ́la, ó fẹ́ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó lé e.

Kwaku wa tírélà wọ ọgbà, ó bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ Asante ni, ṣùgbọ́n Alabar ló dàgbà sí, ó ń sọ Yorùbá bí ọmọ onílé. Bó bá ti ń bínú nìkan ni Twi máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀gá Kwasi tó wà nídìí òṣùwọ̀n ní ká padà wá pẹ̀lú àlàyé kí àwọn tó ṣíwọ́ lónìí," ó ní. "Bí a ò bá wá, òun á fa ọ̀rọ̀ náà lé àwọn aṣọ́bodè lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀mí òun ò lè gbé e."

Wọ́n ṣí kọ̀nténà. Wọ́n fa páálí kan jáde, wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n. Ó wúwo ju iye tí Fìyìn fúnra rẹ̀ kọ sára rẹ̀ lọ. Wọ́n fa òmíràn, ó wúwo jù. Wọ́n lọ fa ọ̀kan láti ìdí kọ̀nténà lọ́hùn-ún, òun náà wúwo jù. Gbogbo wọn ló lé, ṣùgbọ́n wọn kò lé bákan náà. Òmíràn lé díẹ̀, òmíràn lé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fìyìn fọwọ́ lẹ́rán. "Àlàájì, ẹ wò ó. Kì í ṣe oògùn olóró. Ẹni tó bá ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ á wọ̀n ọ́n dọ́gba-dọ́gba. Èyí ò jọ iṣẹ́ olè."

"Iṣẹ́ ta ló wá jọ?"

"Ẹ jẹ́ ká já a wò ná."

Kwaku fi ọ̀bẹ já okùn. Iṣu ló wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní pónà, tó mọ́ tónítóní, tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, orí síbì kan, ìdí síbì kan. Àyàfi ọ̀kan. Ọ̀kan yẹn dábùú lórí àwọn yòókù, bí àlejò tí wọ́n kàn ní kó sùn sórí ẹní níbi tó bá ti gbà á. Wọ́n já páálí kejì, ọ̀kan dábùú. Wọ́n já òmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni.

"Ta ló gbé èyí lé e?" ni Fìyìn béèrè.

Ọgbà dákẹ́. Kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tọ́wọ́ tẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tí wọ́n bi pé ta ló mú oòrùn yọ láàárọ̀ ni. Àwọn obìnrin náà wo ara wọn, lẹ́yìn náà gbogbo wọn kọjú sí abẹ́ páànù níbi tí Hájíà Sùwéébátù jókòó sí lórí àpótí rẹ̀, pẹ̀lú okùn nínú ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àlàájì Dáúdà ni Hájíà. Kí Dáúdà tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò ni Hájíà ti ń ta iṣu lọ́jà. Ní ọgbà yìí, bí Fìyìn bá ti wọn páálí tán, ọ̀dọ̀ Hájíà ló ń lọ. Òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, tó ń dé e, tó ń so ó pa.

"Èmi ni," Hájíà dáhùn. "Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ fi iṣu kan kún gbogbo páálí?"

"Gbogbo ẹ̀. Mi ò yọ ìkankan sílẹ̀. Ṣé màá wá máa ṣojúsàájú ni?"

"Kí ló dé, mà?"

Hájíà wò ó bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì. "Ẹ̀nì ni. Ntosoɔ ni àwọn Asante ń pè é, àwọn Hausa ní gyara. Ní Ìwó tiyín, ṣé ẹ kì í fún oníbàárà lẹ́nì ni?"

"À ń fún wọn, mà. Ṣùgbọ́n mo ti wọn páálí yẹn tán kó tó dé ọ̀dọ̀ yín."

"Ẹn-ẹ́n! O ti wọ̀n ọ́n tán. Ìgbà tó o bá wọ̀n ọ́n tán ló kàn mí. Ẹ̀nì kì í wọ òṣùwọ̀n. Èyí tó bá wọ òṣùwọ̀n, ọjà nìyẹn. Èyí tí ọwọ́ fi lé e lẹ́yìn ìwọ̀n ni ẹ̀nì."

Fìyìn kò rí àléébù kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun tó sì ń bí i nínú nìyẹn. Òṣùwọ̀n sọ òótọ́, ìwé sọ òótọ́, arúgbó sọ òótọ́, síbẹ̀ ọkọ̀ kò lè rìn. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ́jọ́ yẹn, Fìyìn rí i pé ó lè tó tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀.

"Ẹ ò sì sọ fún mi, mà."

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Ìwọ tó ò ń béèrè gbogbo nǹkan!"

Àwọn obìnrin tún bú sẹ́rìn-ín. Hájíà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbé okùn sílẹ̀.

"Mo rò ó sí rere ni o. Lọ́jà, mò ń rí oníbàárà mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bó bá fajú ro, màá bá a ṣàwàdà, màá bi í léèrè ọmọ ẹ̀. Èyí tó wà lókè òkun yìí, mi ò rójú ẹ̀, mi ò gbóhùn ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe táá fi padà wá? Mo ní kí n fi ọ̀kan ṣoṣo kún un."

"Ọ̀kan ṣoṣo nínú páálí kọ̀ọ̀kan, Àǹtí mi," ni Àlàájì wí, ó fọwọ́ méjèèjì gbá orí mú. "Ó dáa. Ó ti tán. Ẹ̀yin obìnrin, ó yá, ẹ bá wa yọ ọ́ kíákíá."

Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan páálí.

"Yọ kí ni?" Hájíà béèrè. "Dáúdà, ṣé orí ẹ pé? A kì í gba ẹ̀nì padà lọ́wọ́ oníbàárà. Láti ìgbà tí mo ti ń tajà, mi ò ṣe é rí. Ẹni tó fún ni, tó tún lọ fi ọwọ́ ẹ̀yìn mú un, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹni tó jalè?"

"Ká kúkú yí ìwé padà nígbà náà," Àlàájì bẹ Fìyìn. "Kọ iye tó wọ̀n gan-an sí i, kó máa lọ."

"Kò ṣeé ṣe, sà. Kì í ṣe ìwé nìkan. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti wúwo ju ohun tí wọ́n máa gbà kó gba ojú títì lọ. Bí mo tún ìwé kọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, wọn ò ní jẹ́ kó kọjá."

"Hájíà, mepa wo kyɛw," ni Kwaku wí, ó ti ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ níwájú ọba. "Ẹ ṣàánú wa. Ọ̀gá Kwasi ò ní dúró dè wá."

Hájíà kò wo ẹnì kankan. Wọ́n pe ìrun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé. Oòrùn ti ń yẹ̀ lórí. Fìyìn ronú lọ, ó ronú bọ̀, kò rí ọ̀nà àrékérekè kankan tó lè gbà. Ó bá lọ kúnlẹ̀ níwájú àpótí Hájíà.

"Màmá, orúkọ mi ló wà nínú ìwé yẹn."

"Orúkọ ẹ? Mo rò pé ẹ̀rọ yẹn ló ń kọ ọ́."

"Rárá, mà. Ẹ̀rọ á wí, èmi ni mò ń jẹ́rìí sí i. Tí ọkọ̀ bá wúwo ju ìwé lọ, èmi ni òpùrọ́. Wọn ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ sí òmíràn mọ́ nílùú yìí. Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá."

Hájíà na ọwọ́, ó gbọn èérún páálí kúrò lára aṣọ Fìyìn.

"Mò ń ṣoore fún ẹni tí mi ò mọ̀," ó ní, "mo wá fi ń ba orúkọ ẹni tí mo mọ̀ jẹ́. Èmi náà ò gbọ́n." Ó gbójú sókè. "Ẹ yọ ọ́."

Ọgbà dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ dúró ná! Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ẹ yọ ọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ padà sáàárín iṣu Dáúdà. Dáúdà ò gbọdọ̀ tà á. Ó ti kúrò lọ́wọ́ wa. Ẹ kó o jọ síbẹ̀ yẹn, kí ẹ pe ẹni tó ni ín, kó sọ ohun tó fẹ́ ká fi ṣe."

Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú, aránṣọ wá, ẹni tó ń tún fóònù ṣe wá, gbogbo ọwọ́ sì wọ iṣẹ́. Àwọn kan ń já okùn, àwọn kan ń yọ iṣu tó dábùú, Hájíà àti àwọn obìnrin ń so páálí padà. Àlàájì pàápàá bọ́ agbádá. Òkìtì ẹ̀nì ń ga sí i ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, nígbà tó sì dé àyà Àlàájì, ó dúró wò ó, ó mi orí.

Fìyìn pe Lọ́ńdọ̀nù. Ó jẹ́ kí fóònù náà pariwo síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Fìyìn, iṣu mi ti dé Tẹ́mà?" Madam Àánú kì í kí èèyàn kó tó bi í léèrè ọ̀rọ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Kò tíì dé, mà, ṣùgbọ́n yóò dé. Nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀." Fìyìn ro gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́, títí kan ti Àlàájì tó gun òṣùwọ̀n.

"Ẹ̀nì?" ni obìnrin náà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Nínú gbogbo páálí?"

"Gbogbo wọn, mà."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rajà nílùú òyìnbó yìí. Wọ́n ti dín in fún mi, wọ́n ti kó jíjẹrà sí i fún mi. Kò sẹ́ni tó fún mi lẹ́nì rí." Ohùn rẹ̀ ti rọ̀, kíá ló sì tún le padà. "Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ wàhálà ní èbúté o. Ẹ kó o sílẹ̀. Iṣu yín ni, ẹ tà á."

"Ẹ gbé e fún mi," Hájíà pàṣẹ. Ó di fóònù mú níwájú ẹnu bí ìgbà tí wọ́n ń di ife tíì mú. "Ẹ ǹ lẹ́ o. Tiyín ni. Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi."

"Áà, ẹ káàsán, mà. Mi ò tíì gbà á, mà. Kò tíì di tèmi."

"Ṣé ẹ kọ ẹ̀nì mi ni?"

"Rárá o, mà! Ta ni yóò kọ ẹ̀nì?"

"Tẹ́ ò bá ti kọ̀ ọ́, tiyín ni."

"Màmá, mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á?"

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ ìyẹn."

Àlàájì rọra sọ pé kí wọ́n kúkú sè é, kí wọ́n pín in jẹ. Ojú tí Hájíà fi wò ó ló pa á lẹ́nu mọ́. Fìyìn kò dá sí wọn. Òkìtì iṣu náà ló ń wò. Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, òjò kò ní pẹ́ dé, iṣu kò sì ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hu nínú àká gbogbo. Ìbéèrè kan yọ sí i lọ́kàn, ó sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ṣé a ò lè gbìn ín?"

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ẹ̀nì náà," ó ní. "Ká gé e lébù. Àlàájì lóko ní Ejura. Ká yọ igun kan sọ́tọ̀ níbẹ̀. Ohun tó bá jáde níbẹ̀, ti Madam Àánú ni. Nígbà tí wọ́n bá wa á, a ó wọ̀n ọ́n, a ó kọ ọ́ sínú ìwé, a ó fi ránṣẹ́ sí wọn. Màmá ò gbà á padà, Àlàájì ò tà á, ọkọ̀ ò sì ní wúwo."

Hájíà ronú sí i. "Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "ilẹ̀ lo fẹ́ kó bá wa mú un dání."

Nínú fóònù, Madam Àánú ń rẹ́rìn-ín, wọn kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lè rẹ́rìn-ín. "Ṣakí ni bàbá mi ti ń dáko," ó ní. "Mo mọ èbù. Ọwọ́ mi ti pẹ́ kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ẹ gbìn ín, mà. Màá wá wò ó."

"Ẹ máa bọ̀. Kí ni wọ́n ń pè yín?"

"Àánú, mà."

"Àánú," Hájíà tún un pè, ó rọra pè é bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Ó dá fóònù padà fún Fìyìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so páálí.

Oòrùn ṣì ń ràn nígbà tí Fìyìn àti Kwaku gbé tírélà padà dé ojú ọ̀nà Tẹ́mà. Ọ̀gá Kwasi, ọkùnrin síngbọnlẹ̀ kan tí kò fẹ́ràn àwàdà, ní kí wọ́n gun òṣùwọ̀n. Nọ́ńbà náà ń sá sókè, ó ń sá sísàlẹ̀, ó wá dúró. Fìyìn kò wo nọ́ńbà, ojú ọkùnrin náà ló ń wò. Kwasi wo ìwé, ó wo òṣùwọ̀n, ó tún wo ìwé.

"Ó bára mu," ó ní lédè Twi. "Kí lẹ wá kó sí i tẹ́lẹ̀?"

"Ntosoɔ," ni Fìyìn dáhùn.

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, tó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìyá òun náà máa ń ṣe irú ẹ̀, ó ní ó ṣe é títí tó fi kú. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ó kígbe tẹ̀ lé wọn pé ntosoɔ tòun dà.

"Ó wà nínú ilẹ̀ ní Ejura," Fìyìn pariwo padà.

Iṣu bá ọkọ̀ òkun. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù, kò rà, Madam Àánú sì ní kí wọ́n di òmíràn. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dì í, Fìyìn tètè dé ọgbà, ó sì gbé òṣùwọ̀n kúrò níbi tó máa ń wà. Ó gbé e kọjá àpótí Hájíà, ó gbé e sí ẹnu kọ̀nténà gan-an, kí ó lè jẹ́ pé òun ni ọwọ́ ìkẹyìn. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Hájíà dé. Ó rí òṣùwọ̀n níbi tó wà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpótí rẹ̀, ó gbé okùn rẹ̀, ó rìn kọjá òṣùwọ̀n, ó sì jókòó sí òdì kejì rẹ̀, láàárín òṣùwọ̀n àti kọ̀nténà.

Àlàájì ti lanu láti sọ̀rọ̀, Fìyìn ṣẹ́wọ́ sí i pé kó dákẹ́. Ó wọ inú ilé lọ, ó gbé agbọ̀n ńlá kan jáde, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Hájíà.

"Kí nìyẹn?"

"Ti Ejura ni, mà. Ẹ̀nì tí a ó tún lọ gbìn la máa kó sí i."

Páálí àkọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n. Fìyìn ka iye rẹ̀, ó kọ ọ́, wọ́n sì gbé e síwájú Hájíà. Arúgbó náà na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ṣa iṣu kan tó gún dáadáa. Ó wo páálí. Ó wo agbọ̀n. Ó wo ojú Fìyìn. Lẹ́yìn náà ni ó rọra gbé iṣu náà sínú agbọ̀n.

"Àánú," ó ní, "tìẹ nìyí."

Ó sì fa okùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so páálí.